Ẹni Tí Ó Ra Àwo, Kí Ni Ó Rà?

Ìwé tí a rà ní Kútọnu kì í kọ̀ láti ṣí ní Kambolé. Bí a bá ti san owó rẹ̀, a lè kà á nílé, a lè yá ẹ̀gbọ́n wa ní Tchamba, a sì lè fi ta akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́rẹ ní Sokodé. Àwo DVD kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ Kambolé tí ń gbé ní Paris bá ra àwo fíìmù ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Sokodé, kọ̀ǹpútà alágbèéká àbúrò náà lè sọ pé àwo yìí kì í ṣe ti ẹkùn òun. A sanwó, àwo dé, kò sì ní àbùkù kankan, síbẹ̀ kò ṣí. Ǹjẹ́ ẹni tí ó bá wá ọ̀nà mìíràn láti wò ó ṣẹ̀ bí?

Kí a tó dájọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ bí ọ̀ràn náà ti rí. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe fíìmù pín ilẹ̀ ayé sí ẹkùn mẹ́fà. Amẹ́ríkà àti Kánádà wà ní ẹkùn 1. Faransé wà ní ẹkùn 2, pẹ̀lú Jàpáànì, Íjíbítì àti Gúúsù Áfíríkà. Tógò, Benin àti Nàìjíríà wà ní ẹkùn 5, pẹ̀lú Íńdíà àti Rọ́ṣíà. Kì í ṣe òkun ni ó ya wọ́n, kì í sì ṣe èdè. Ọjà ni. Kambolé kò jìnnà sí ààlà tí Jámánì àti Faransé fọwọ́ sí ní ọdún 1897 láàrin Tógò àti Dahomey. Ìwé àti orin àwọn ará wa ń kọjá ààlà yẹn. Ààlà inú àwo ni kò jẹ́ kí ẹ̀bùn kọjá.

Àwọn onífíìmù ní àwíjàre tiwọn. Fíìmù kan lè ti jáde lórí àwo ní Amẹ́ríkà nígbà tí ilé sinimá ilẹ̀ mìíràn kò tíì fi í hàn. Ẹni tí ó fi òógùn ojú ṣe iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti yan ìgbà tí yóò tà á. Wọ́n sì máa ń tẹ nọ́ńbà ẹkùn sí ẹ̀yìn páálí àwo. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti yan ìgbà títà kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti yan yàrá tí ẹni tí ó sanwó yóò ti wo ohun tí ó rà.

A máa ń da nǹkan méjì pọ̀. Ẹni tí ó ń da àwo kọ, tí ó ń ta ẹ̀dà rẹ̀ lọ́jà, ń jẹ òógùn ẹlòmíràn: olè ni. Ẹni tí ó ra ojúlówó àwo, tí ó sì lo ètò bíi VLC, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ École Centrale Paris bẹ̀rẹ̀ ní 1996, láti wò ó pẹ̀lú ìyá rẹ̀, kò jí nǹkan kan. Òfin lè má rí i bẹ́ẹ̀: Amẹ́ríkà ní 1998, Faransé ní 2006, ṣòfin lòdì sí jíjá àgádágodo tí a fi ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí a mọ òfin. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin kà léèwọ̀ àti ohun tí ó burú kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan náà.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà fúnra wọn fi sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbà kí a yí ẹkùn padà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré. Èyí tí a bá yàn kẹ́yìn ni yóò máa lò títí. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gba àwo láti Faransé nìkan, kí ó yan 2, kí ó má sì yí i mọ́. Kí ẹ̀gbọ́n tí ó wà lókè òkun náà wo ẹ̀yìn páálí kí ó tó sanwó, nítorí àwọn àwo kan wà tí kò ní ẹkùn rárá.

Ní tiwa, ìdájọ́ wa nìyí: gbèsè tí a ti san kì í tún di gbèsè nítorí pé ẹrù kọjá òkun. Ṣùgbọ́n kí àwo kan náà má di ogún ẹ̀dà lọ́jà Sokodé. Ọjọ́ tí ó bá di bẹ́ẹ̀, àwíjàre wa tán.