Ohun Tí A Rí àti Ohun Tí A Gbọ́

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò: bí ènìyàn bá jẹ́rìí sí ohun tí ó rí, tí ẹlòmíràn sì tipasẹ̀ ẹ̀rí náà pàdánù owó, ǹjẹ́ ẹlẹ́rìí náà jẹ̀bi?

A kò pa àlọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì CBEX ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, wọ́n sì kó ẹrù ibẹ̀ lọ. Ohun tí CBEX ti sọ fún àwọn ènìyàn ni pé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ó gbọ́n ni ó ń bá wọn ṣòwò, àti pé owó wọn yóò di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọgbọ̀n ọjọ́. Nígbà tí ó yá, owó kò ṣe é gbà mọ́. Wọ́n tún ní kí àwọn olówó san 100 dọ́là tàbí 200 dọ́là sí i kí wọ́n tó lè gba tiwọn. Àjọ SEC tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìdókòwò ní Nàìjíríà sọ pé àwọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Nínú irú òwò báyìí, ẹni tí ó bá béèrè pé níbo ni ẹ̀rọ náà wà, ta ni ó yẹ̀ ẹ́ wò, ìdáhùn tí ó máa ń gbà ni pé: "Èmi ti gbowó tèmi lẹ́ẹ̀mejì." Òtítọ́ ni, owó wọlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a béèrè ni ó dáhùn. Owó tí ó wọlé jẹ́rìí pé ẹnìkan sanwó. Kò jẹ́rìí pé ẹ̀rọ kan ṣiṣẹ́. MMM náà sanwó ní ọdún 2016, pẹ̀lú ìlérí ọgbọ̀n náírà lórí ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, títí di oṣù Kejìlá tí wọ́n dá gbogbo owó dúró. Owó ẹni tí ó dé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san ti ẹni tí ó ṣáájú.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni irọ́ o. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọpọlọ fún kọ̀ǹpútà ńláńlá náà a máa fọ́nnu pé tiwọn ló yára jù, àwọn tí ó fi owó síbẹ̀ a sì máa jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá gbà lè ra méjèèjì, kí ó gbé iṣẹ́ kan náà fún wọn, kí ó sì wo aago. Nítorí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ SPEC sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ẹ̀rọ ti CBEX ńkọ́? Bírò àti ìwé tó láti dán ìlérí rẹ̀ wò: 100,000 náírà tí ó ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù yóò di 409,600,000 náírà lẹ́yìn oṣù méjìlá. Ẹni tí ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí ni ó fẹ́ fi owó akẹ́kọ̀ọ́ ṣe?

Ní ọjà Akẹ̀sán, ẹni tí ó mọ ọjà rà a máa ki ọwọ́ bọ àpò àgbàdo dé ìsàlẹ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ tí ọkùnrin kan ń tà, ọwọ́ rẹ̀ sì kan omi. Suuratul Hujuraat náà pàṣẹ pé kí á wádìí ìròyìn. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ìpalára ẹni tí ó gbọ́ ọ ni ó ń kìlọ̀ fún wa níbẹ̀, bí kò ṣe ti àwọn ẹlòmíràn tí a lè ṣe ní ibi nínú àìmọ̀.

Lójú tiwa, ẹlẹ́rìí náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ̀bi. Ó jẹ́ kí ẹni tí ó fọkàn tán an gbà pé òun mọ ohun tí òun kò mọ̀. Àwọn kan yóò ní a ti le jù, pé wọ́n tan òun náà. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tàn án, àánú ẹni tí ó pàdánù sì ń ṣe wá. Ẹni tí ó jèrè ńkọ́? Bí kò bá sí ẹ̀rọ, a jẹ́ pé inú àpò ẹnìkan ni èrè rẹ̀ ti wá. Ó ti fi san owó ilé-ìwé, tàbí kí ó ti fi ra ọ̀kadà. A mọ̀ pé dídá a padà kò rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pe ènìyàn mẹ́ta wọlé mọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nọ́ńbà wọn sì wà nínú fóònù rẹ̀.