Ọ̀rá Tí A Jù Nù: Ta Ni Yóò Jíhìn Rẹ̀?



Gbogbo ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun Ọba tó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tó sì fi omi ṣe ìyè fún gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Lẹ́yìn ìrun ọdún tó kọjá, mo padà sí Yídì láti wá bàtà àbúrò mi tó sọnù. Gbogbo pápá náà funfun láúláú. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà ni. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iwájú orí kanlẹ̀ níbẹ̀ ni a dà á síbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀. Àgbàrá kó ọ̀rá lọ sí ojú gọ́tà, gọ́tà dí, omi sì ya wọ ilé ìyá kan tó ń din àkàrà lẹ́bàá Yídì. Àpò ẹ̀wà rẹ̀ méjì ló bàjẹ́. Ìyá yìí kì í ṣe Mùsùlùmí. Nígbà tí mo lọ kí i kú àjálù, ó ní: "Ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fọ ọwọ́ fọ ẹsẹ̀ kí ẹ tó kírun, ṣé ilẹ̀ tí ẹ ń kírun lé kò sí lára ohun tí ẹ ń fọ̀ ni?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá." N kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nínú Sūra Ar-Rūm, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló ń mú ìbàjẹ́ hàn lórí ilẹ̀ àti lójú omi. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì kọ́ wa pé kíkó ohun tó lè ṣe ènìyàn níbi kúrò lójú ọ̀nà wà lára ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Bí kíkó o kúrò bá jẹ́ ìgbàgbọ́, kí ni a ó pe ẹni tó gbé e síbẹ̀?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé ọ̀rá àti ike jẹ́ ohun burúkú. Omi inú ọ̀rá ló gba ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́ omi ẹlẹ́gbin. Àmọ́ ọ̀rá kì í jẹrà bí ewé tí àwọn ìyá wa fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ní ọdún 2019, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àjọ OECD, ike tí gbogbo ayé lò tó nǹkan bí 460 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni nínú ike tó di ìdọ̀tí, ìdá 9 péré nínú 100 ni wọ́n rí tún lò. Ìyókù ńkọ́? Ó wà nínú ilẹ̀, nínú iná, nínú odò.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn kí ó tó kàn wá. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo Bangladesh, níbi tí àwọn Mùsùlùmí ti pọ̀ jù. Ní ọdún 1988 àti 1998, omíyalé ńlá dé bá wọn. Nígbà tí wọ́n wádìí ìdí tí omi kò fi tètè fà ní Dhaka, olú ìlú wọn, wọ́n rí i pé ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti dí ojú gọ́tà. Ní ọdún 2002, wọ́n ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má sì tà á mọ́. Àwọn ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ lágbàáyé tó ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ṣé ọ̀rá tán nílùú wọn? Rárá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn padà sí àpò, ọ̀rá sì dín kù lọ́jà. Nígbà tó yá, ọwọ́ ìjọba rọ̀, àwọn tó ń ṣe ọ̀rá ní kọ̀rọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, alátà kò sì rí ohun mìíràn tó rọ̀ ní owó tó bẹ́ẹ̀. Títí di ọdún 2024 ni ìjọba wọn tún ń kéde òfin kan náà, láti inú súpámákẹ́ẹ̀tì dé ọjà àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ wọn ni ti ewédú. Bẹ́ẹ̀ ni, ewédú tí à ń jẹ! Àwọn ará Bangladesh ń gbìn ín fún okùn ara igi rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń hun àpò ìdọ̀họ, irú èyí tí wọ́n ń kó kòkó sí. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wọn kan, Mubarak Ahmad Khan, tún ti rí ọgbọ́n dá tí ó fi lè ti ara okùn yìí ṣe ọ̀rá tó ń jẹrà. Ó ṣì wọ́n ju ọ̀rá lásán lọ, ìdí nìyí tí kò fi tíì gba ọjà.

Àwọn ará Ireland gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2002 kan náà, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rá ní ṣọ́ọ̀bù yóò san sẹ́ńtì 15. Owó kékeré ni, àmọ́ ọ̀rá tí ènìyàn kan ń lò lọ́dún já láti nǹkan bí 328 sí nǹkan bí 21. Ní Jámánì, láti ọdún 2003, owó ìdúró wà lórí ike omi. Ẹni tó bá dá ike padà ló ń gba sẹ́ńtì 25 rẹ̀. Kenya ní tiwọn fi pàṣán sí i: láti oṣù kẹjọ ọdún 2017, owó ìtanràn lórí ọ̀rá lè tó mílíọ̀nù 4 owó ṣílè wọn, ẹ̀wọ̀n sì lè tó ọdún 4. Ní tèmi o, òfin tó le tó báyìí, tálákà tó ń ta tòmátì ló máa ń kọ́kọ́ bá. Ọlọ́hun kò fẹ́ àbòsí.

Ní Indonesia, ní ọdún 2014, ìgbìmọ̀ àwọn àlùfáà wọn, MUI, gbé fatwa jáde lórí ìdọ̀tí. Wọ́n ní dída ìdọ̀tí káàkiri tó ń ṣe ẹlòmíràn níbi jẹ́ harāmù, àti pé inákúnàá ni kí á ju ohun tó ṣì wúlò nù. Ẹ rò ó wò: harāmù! Síbẹ̀ odò wọn ṣì ń gbé ike lọ sínú òkun, nítorí pé fatwa kì í gbá ilẹ̀.

Nílé wa, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de àwo fúúmù funfun tékèwéè ní oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti síbí ike kún un láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Ní ti gbogbo ayé, wọ́n jọ jókòó ní Geneva ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 láti fẹnu kò lórí àdéhùn kan, wọ́n sì tú ká láìrí i fọwọ́ sí. Bí a bá ní kí á dúró de àwọn wọ̀nyẹn, òjò kò ní dúró dè wá.

Àlùwàlá ni kí á fi bẹ̀rẹ̀. Omi tí Ànábì wa fi ń ṣe àlùwàlá kò ju mudu kan lọ. Mudu tiwọn ni mo wí, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń wọn ọkà lọ́jà Ìlọrin. Kò ju nǹkan bí omi inú ọ̀rá píọ̀-wọ́tà méjì lọ. Àmọ́ mo ti rí arákùnrin wa tó fi mẹ́ta ṣe é, tó sì ju ọ̀rá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kí Ọlọ́hun foríjì wá.

Nítorí náà, ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, bútà àti àmù ni a ó lò, a kò ní ra píọ̀-wọ́tà fún àlùwàlá. Kí arákùnrin àti arábìnrin kọ̀ọ̀kan mú kọ́ọ̀pù tirẹ̀ wá fún omi mímu. Àwọn arábìnrin ti gbà láti rán àpò tí a ó máa kó ọ̀rá sí. Lọ́jọ́ ọdún tó ń bọ̀, ọ̀dọ́ 30 ni à ń wá tí yóò dúró lẹ́yìn kútúbà láti ṣa pápá àti láti kó ohun tó wà nínú gọ́tà. Mo ti lọ sọ fún ìyá alákàrà pé à ń bọ̀. Ó ní òun yóò máa wò wá.

Maasalāmu.