Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Mùsùlùmí Ya Àwòrán Òkè?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ìlú Òsì ni Àrèògún, àgbà agbẹ́gilére tó kú ní 1954, ti ṣiṣẹ́. Ère gbígbẹ́ kì í ṣe tiwa. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ a lè fi ọ̀dà tí a fi òróró pò ya àwọn òkè agbègbè Òsì àti Ìlọ́fà? Hádíìsì Bukhari sọ pé Ibn Abbas gba ayàwòrán kan nímọ̀ràn pé kí ó máa ya igi àti ohun tí kò lẹ́mìí. Òkè kò lẹ́mìí.

Iṣẹ́ náà tún ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ a kun òkè ọ̀nà jíjìn ní àwọ̀ ewé, torí ó mọ̀ pé igi ló bò ó. Bẹ́ẹ̀ àwọ̀ aró tó ṣá ni ojú ń rí. Ohun tó rò ló kùn, kì í ṣe ohun tó rí. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ń fi èrò lásán dá ọmọnìkejì lẹ́jọ́? Ọ̀dà olóròóró a máa pẹ́ kó tó gbẹ. Àyè àtúnṣe wà. Ọ̀rọ̀ tó ti bọ́ lẹ́nu kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Nínú Súrátù Gáṣíyà, Àlùkùránì ní ká wo àwọn òkè, bí a ṣe fi wọ́n múlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò dáadáa. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù lọ.