Ìwà Tó Wà Nínú Òye Iṣẹ́

Ara ìwà ni òye iṣẹ́ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbọ́n orí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí. Ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, àmọ́ tí kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, àfarawé ló ń ṣe. Ẹni tó sì mọ ìdí rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbà pé òun kò mọ̀ ọ́n, kó tó fi sùúrù béèrè.

Ní Ìṣẹrí Olówóra ní Èkó, níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti ń gba gbogbo àdúgbò bí iná bá ti lọ, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I pass my neighbour" kò ní ibi tí ọ́ìlì ń gbé lọ́tọ̀. Inú epo bẹntiróòlù ni wọ́n ti ń pò ó mọ́ ọn, kí epo lè gbé e dé ara písítìnnì, kí irin má baà máa ha irin. Èyí tó tóbi jù ú lọ ní ikùn tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bó bá dúdú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ́ iṣẹ́ lórí fídíò, tó gbọ́ pé kí wọ́n po ọ́ìlì mọ́ epo, lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjèèjì. Èéfín á bo ọgbà, pílọ́ọ̀gì á dúdú bí ìdí ìkòkò, oníbàárà á sì ra òmíràn. Bó bá sì jẹ́ ìlànà ti ńlá ló há sórí, tó wá da epo lásán sínú kékeré, písítìnnì á lẹ̀ mọ́ ara sílíńdà, ẹ́ńjìnnì á kú. Fídíò náà kò purọ́. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì mìíràn ló ń sọ.

Irú òye tó ń béèrè ìdí hàn lára Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójobí, tí wọ́n bí ní Òṣòdì lọ́dún 1937, tó sì kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Èkó. Nígbà tí Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún ní oṣù Kẹrin ọdún 1972, apá ọ̀tún ni sítiárìn ọkọ̀ Opel tirẹ̀ wà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e bọ́ sí apá òsì. Ìwé tó ń bá ọkọ̀ wá kì í kọ́ni ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún ṣe ọkọ̀ Autonov 1, tó lè fi gbogbo jíà rẹ̀ lọ síwájú, kó sì fi wọ́n padà sẹ́yìn. Kò pọn dandan kí mẹkáníìkì di ojúgbà Awójobí. Kó ṣáà béèrè ìdí ni.

Òótọ́ ni pé ọ̀gá mìíràn máa ń fi ìdí iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ iṣẹ́, kí ó má baà fi í jọba mọ́ òun lórí. Ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ló lé ọmọ sídìí fídíò, kò sì yẹ kó bú ọmọ náà.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, àwọn ilé kan ti ń yí jẹnẹrétọ̀ wọn sí èyí tó ń lo gáàsì ìdáná. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ohun tí kò le lójú: rọ́bà, rẹ́gúlétọ̀, àti kílíìpù bíi mélòó kan. Ṣùgbọ́n gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá ń jò, ilẹ̀ ló ń rọ̀ sí, á sì kó jọ sí kọ̀rọ̀ títí iná yóò fi kàn án. Oníṣẹ́ tó mọ èyí á gbé sílíńdà kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn, á fi ọṣẹ híhó yẹ oríkèé rọ́bà wò, á sì kọ̀ láti tan ẹ̀rọ náà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí onílé tilẹ̀ ń pariwo pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ó lè pàdánù owó ọjọ́ náà, kí onílé lọ pe ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aládùúgbò bá ń wá ẹni tí wọn yóò fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé lọ́wọ́, òun ni wọ́n máa ń dárúkọ.