Ilẹ̀ tí a Fi Sílẹ̀ fún Ẹranko: Òfò Ni Bí?

Ìbéèrè kan bá wa bọ̀ láti ìrìnàjò wa sí Èkó, a sì rò pé ó yẹ kí a gbé e ka iwájú yín, pàápàá jùlọ ẹ̀yin olùkọ́. Ìbéèrè náà nìyí: ilẹ̀ tí ènìyàn ní agbára láti lò, ṣùgbọ́n tí ó fi sílẹ̀ fún igi àti ẹranko, òfò ni bí, tàbí ọgbọ́n?

Ní Lẹkki, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó lọ sí Ẹ̀pẹ́, igbó kan wà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 78. Ní ọdún 1990 ni Nigerian Conservation Foundation, ẹgbẹ́ tí Olóyè S. L. Edu dá sílẹ̀ ní ọdún 1980, yà á sọ́tọ̀. Ilé ti yí i ká nísinsìnyí. Ọ̀nà tí a fi pákó tẹ́ ni a ń gbà kọjá lórí irà rẹ̀. Láti ọdún 2015 sì ni afárá kan, tí ó gùn tó mítà 401, ti wà ní ìsokọ́ láàárín orí igi, tí ó ń mì bí a ti ń gbẹ́sẹ̀. Ọ̀nì ń bẹ nínú omi, ìgalà nínú igbó, ọ̀bọ sì ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka.

Bàbá àgbà kan tí a jọ ń rìn wò yíká, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Alùfáà, ọmọ ènìyàn ń sùn sábẹ́ afárá ní Èkó, irú ilẹ̀ báyìí ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ọ̀bọ!”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára, nítorí kò yẹ kí a fi ẹwà igi dá ẹni tí kò ní òrùlé lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wádìí rẹ̀ dé ìdí. Bí a bá gé igbó náà sí púlọ́ọ̀tì lónìí, ta ni yóò rà á? Ẹni tí ń sùn sábẹ́ afárá kò ní rí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan gbà níbẹ̀. Orúkọ tálákà ni a ó fi bèèrè, olówó ni yóò gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni irà tí a ń pè ní aláìwúlò ni ó ń gba omi òjò dúró. Ibi tí a bá ti fi yanrìn dí i, inú ilé ni omi ń wá ibùsùn lọ.

Síbẹ̀, kì í ṣe olójúkòkòrò nìkan ni igbó náà bá wí. Ó bá àwa náà wí. A ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe fún ọ̀bọ ní oúnjẹ, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan tẹjú mọ́ wa, àánú ṣe wá, a sì ju ẹ̀pà sí i. Kò pẹ́ tí ó fi já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ọmọdébìnrin kan tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ọmọ náà sì bú sẹ́kún. Ojú tì wá. A pè é ní inú rere, ṣùgbọ́n ara wa ni a tẹ́ lọ́rùn. A kọ́ ẹranko tí ó mọ bí a ti ń wá èso láti máa jalè, ọmọ ẹlòmíràn ni ó sì san gbèsè wa.

Nígbà náà ni ìtumọ̀ ọ̀nà pákó yẹn yé wa. Àwọn baba wa a máa la ọ̀nà nítorí ẹni tí yóò rìn ín, kí ó lè tètè dé oko tàbí ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí, nítorí ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni a ṣe là á, kí ẹsẹ̀ wa má bàa tẹ̀ ẹ́ pa. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ wa tó ni ó yẹ kí a fi ọwọ́ kàn, ìbáà ṣe láti gbà, ìbáà ṣe láti fún un.

Nígbà tí a sọ èyí fún bàbá wa, ó mi orí, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé àwọn tí ń bẹ lábẹ́ afárá. A gbà fún un. Ẹni tí ó ti kọ́ láti ká ọwọ́ rẹ̀ kò níwájú igbó, kò gbọdọ̀ ká a kò níwájú aláìní.