Ohun tí Opó Náà Ní Nínú Ilé

Ìwàásù lórí Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, ẹsẹ̀ kìn-ín-ní títí dé ìkeje



Obìnrin tí a kà nípa rẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe abọ̀rìṣà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀lẹ. Aya ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì ni, ọkọ rẹ̀ sì bẹ̀rù Olúwa títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n gbèsè kì í wo ojú olùfọkànsìn. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó ti dé ẹnu ọ̀nà láti mú ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ ṣe ẹrú. Irú èyí kò ṣàjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá, nítorí àwọn baba wa mọ ohun tí à ń pè ní ìwọ̀fà.

Ẹ kíyèsí ohun tí Èlíṣà ṣe. Kò tú àpò. Kò rán Géhásì lọ gba ọkà wá. Ó kọ́kọ́ bi obìnrin náà léèrè ohun tí ó fẹ́ kí òun ṣe fún un, lẹ́yìn èyí ó bi í pé kí ni ó ní nínú ilé. Obìnrin náà dáhùn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìpọ́njú ti dé bá ti máa ń dáhùn, pé òun kò ní ohunkóhun. Nígbà náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ìkòkò òróró kan.

Ẹ sì tún kíyèsí ibi tí Èlíṣà wà nígbà tí òróró náà ń ṣàn. Kò sí nínú yàrá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ pé kí obìnrin náà ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ opó ni ó da òróró, ọwọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ kó lẹ́rú ni ó ń gbé ohun èlò wá, àwọn aládùúgbò ni ó sì yá wọn ní ohun èlò wọ̀nyí. Ìgbà tí iṣẹ́ parí ni ó tó lọ ròyìn fún ènìyàn Ọlọ́run.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín nítorí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe àánú sí àwọn ará abúlé wa. Nígbà tí Kérésìmesì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, a ó fi ìrẹsì, aṣọ àlòkù àti oògùn kún ọkọ̀. A ó kó àwọn opó jọ síwájú ilé Ọlọ́run, a ó ya àwòrán wọn, a ó gbàdúrà, a ó sì padà sí ìlú kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú rere ni, n kò sì bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di oṣù kejì, ìrẹsì ti tán, omi tí àwọn ọmọ wọn ń mu kò tíì yí padà, àwa náà kò sì rántí orúkọ ẹnìkan nínú wọn. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ó pẹ́ tí a ti ń fá orí àwọn ará oko lẹ́yìn wọn.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn jìnnà díẹ̀, dé ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí tọkọtaya Kristẹni kan ti béèrè ìbéèrè Èlíṣà lọ́wọ́ àwọn tálákà. Ní ọdún 1970 ni Dókítà Rajanikant Arole àti aya rẹ̀ Mabelle, tí òun náà jẹ́ dókítà, tẹ̀dó sí Jamkhed ní ìpínlẹ̀ Maharashtra. Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àwọn Kristẹni ní Vellore ni wọ́n ti jáde, wọ́n sì tún kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ gbígbẹ ni Jamkhed, òjò a sì máa wọ́n níbẹ̀. Nínú 1000 ọmọ tí a ń bí ní àwọn abúlé àyíká rẹ̀ nígbà náà, ó lé ní 150 tí kì í pé ọdún kan láyé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣe bí àwa náà ìbá ti ṣe: wọ́n rán àwọn nọ́ọ̀sì láti òde wá sí abúlé. Èyí kò wọ̀. Nígbà náà ni wọ́n yíjú sí ohun tí ó wà nínú ilé, wọ́n sì ní kí abúlé kọ̀ọ̀kan yan obìnrin kan láàárín ara wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tí a yàn kò mọ̀wé kà. Àwọn mìíràn ti inú ìdílé tí wọ́n kà sí aláìmọ́ wá, àwọn tí ẹni ńlá kì í gba omi lọ́wọ́ wọn. Wọn a máa wá sí Jamkhed lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn a jọ kẹ́kọ̀ọ́, wọn a jọ jẹun, wọn a jọ sùn, láìka ìdílé sí. Wọ́n kọ́ bí a ti ń gbẹ̀bí ní mímọ́ tónítóní, bí a ti ń wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n, bí a ti ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, àti bí a ti ń tètè mọ àrùn ẹ̀tẹ̀ àti ikọ́ ife. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù wọn a padà sílé lọ ṣe é. Dókítà kò sí nínú yàrá.

Ọ̀rọ̀ kànga wọn ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí ọ̀dá mú, tí a ó sì gbẹ́ kànga, àwọn Arole rí i dájú pé àdúgbò àwọn tí a kẹ́gàn ni a gbẹ́ ẹ sí. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í béèrè ìdílé ẹni tí ó ni kànga. Àwọn ẹni ńlá gbé ìkòkò wọn, wọ́n sì rìn lọ sí ibi tí wọn kì í fẹ́ gbà kọjá. Obìnrin ará Samáríà nì ìbá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó bá rí wọn.

Kí ọ̀rúndún tó kọjá tó parí, àwọn ọmọ ọwọ́ tí ń kú ní abúlé wọ̀nyí kò tó 40 mọ́ nínú 1000. A fún àwọn Arole ní ẹ̀bùn Magsaysay ní 1979. Mabelle sùn nínú Olúwa ní 1999, ọkọ rẹ̀ ní 2011, iṣẹ́ náà kò sì bá wọn wọ ibojì.

Kí ẹnikẹ́ni má wí pé àṣà Íńdíà ni èyí. Ẹ̀yin náà mọ Ìmẹ̀sí-Ilé, nítorí àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì ti 1886, èyí tí àwọn àlùfáà wa, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ṣe làálàá lé lórí. Láti 1956 ni David Morley, dókítà ilé ìwòsàn Wesley Guild ti àwọn ará wa Mẹ́tọ́díìsì ní Iléṣà, ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ó ṣe káàdì kan tí a fi ń sàmì ìwúwo ọmọ, kí ìyá lè fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá ọmọ òun ń gòkè tàbí ó ń rẹlẹ̀. Kò tì í mọ́ inú àpótí ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ìyá ọmọ ni ó fi í sí, àwọn ìyá náà sì pa á mọ́ bí ẹni pa owó mọ́. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé. Bóyá ẹ̀yin ìyá tí ń ka ìwé yìí ti mú un dání rí, láìmọ̀ pé Ìmẹ̀sí ni ó ti ṣẹ̀ wá.

Ẹlòmíràn yóò béèrè pé, ṣé kí a dá ìrẹsì dúró ni? Kí Ọlọ́run má jẹ̀ ẹ́. Jákọ́bù Àpọ́sítélì ti bá ẹni tí ń fi ẹnu lásán yó olùpebi wí, ebi kì í sì í dúró de ìgbìmọ̀. Nígbà ọ̀dá 1972 sí 1973, a bọ́ àwọn ọmọ ní Jamkhed pẹ̀lú. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni ìkòkò òróró tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ìyá àgbà agbẹ̀bí ń bẹ ní abúlé yẹn, ẹni tí gbogbo ilé gbẹ́kẹ̀lé. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ tí ó sì padà sóko ń bẹ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń dá èésú láìsí ìwé, tí owó wọn kì í sọnù, ń bẹ níbẹ̀. Àwa kó ẹrù wa dé, a sì kó ara wa lọ láìrí wọn.

Ìwé Mímọ́ kò wí pé òróró tán. Ohun èlò ni ó tán, òróró sì dúró. Iṣẹ́ tí ó kù fún àwa ará ìlú nínú ọ̀rọ̀ yìí ni iṣẹ́ àwọn aládùúgbò nì, èyíinì ni pé kí a yá wọn ní ohun èlò, kí ó má sì ṣe díẹ̀: owó ọkọ̀ fún ẹni tí ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí, òṣùwọ̀n kan, irin iṣẹ́ tí a ó fi gbẹ́ kànga.

Nítorí náà, bí ẹgbẹ́ yín bá ń múra àtilọ sí abúlé ní ọdún yìí, ẹ rán ènìyàn méjì ṣáájú, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin. Kí wọ́n lọ ní ọwọ́ òfo. Kí wọ́n jókòó ti àwọn ìyá lẹ́yìn ìsìn, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ní, kí wọ́n sì mú sùúrù nígbà tí a bá dá wọn lóhùn pé kò sí.