Ẹ̀rín àti Ẹ̀rí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à á fi í rín. N kò bá òwe náà jà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí kò tíì tó ẹkún, tí ó kàn fẹ́ kí a fara balẹ̀ gbọ́ ọ dé ìdí, tí àwa sì ti fi ẹ̀rín lé e lọ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín, èmi gan-an sì jẹ̀bi nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 27, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2023, ìgbìmọ̀ adájọ́ tí ó gbọ́ ẹ̀sùn ìdìbò gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ìdájọ́ kalẹ̀ ní Òṣogbo. Méjì nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta náà ní Gbóyèga Oyètọ́lá ni ó wọlé, kì í ṣe Adémọ́lá Adélékè, ọmọ Ẹdẹ, ẹni tí wọ́n ti búra fún ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2022. Nínú ìdájọ́ yìí ni wọ́n ti ya ọ̀rọ̀ lò láti inú "Buga", orin Kizz Daniel tí ó gbòde ní ọdún 2022, láti fi sọ pé Adélékè kò lè máa yan fanda bí ẹni tí a dìbò yàn lọ́nà tí ó bófin mu. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé gómìnà náà fẹ́ràn ijó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orin ti bo ìdájọ́ mọ́lẹ̀ lórí rédíò, nínú ìwé ìròyìn àti lórí fóònù gbogbo wa.

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e, mo ka gbólóhùn náà sókè ní yàrá àwọn olùkọ́, mo sì fi ohùn orin sí i. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹnì kan nínú wa. Ọmọ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn tí yóò ṣe ìdánwò àṣekágbá ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ó ní: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, kí ni wọ́n sọ pé ó ṣe ìbò náà gan-an?"

N kò mọ̀. Èmi tí mo ti ka ìwé ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mejì kò lè dá a lóhùn. Mo ní kí ó gbé ìwé sílẹ̀ kí ó padà sí kíláàsì.

Ohun tí mo kà lẹ́yìn náà, nígbà tí ojú tì mí tó, nìyí. Ní ọjọ́ 17, oṣù Keje, ọdún 2022, Àjọ Elétò Ìdìbò kéde ìbò 403,371 fún Adélékè àti 375,027 fún Oyètọ́lá. Àwọn olùpẹjọ́ ní ní àwọn ibùdó kan, ìbò pọ̀ ju iye ènìyàn tí ẹ̀rọ BVAS yẹ̀ wò kí wọ́n tó dìbò. Àwọn adájọ́ méjì gbà bẹ́ẹ̀ fún ibùdó 744 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá, Àríwá Ẹdẹ àti Gúúsù Ẹdẹ wà lára wọn. Wọ́n yọ ìbò tí ó lé ní 100,000 kúrò lọ́wọ́ Adélékè, ẹni tí ó gbẹ́yìn sì di ẹni iwájú. Adájọ́ kẹta kò fara mọ́ wọn. Ta ni ó rántí pé ó sọ̀rọ̀? Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹta, ọdún 2023. Ní ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi òǹtẹ̀ lu fífagi lé e: ẹni tí ó bá ní ìbò pọ̀ ju olùdìbò lọ ní láti gbé ìwé orúkọ àwọn olùdìbò wá, kí ó sì gbé ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ wá. Àwọn olùpẹjọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí ni gbogbo ẹjọ́ náà dá lé. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó ya ẹ̀rí sọ́tọ̀ sí ẹ̀rín, "n" kékeré tí àwọn ọmọ mi máa ń gbàgbé nínú àrokọ. Èmi olùkọ́ wọn ni mo wá fi í kún ibi tí kò yẹ.

Ṣé ó burú kí adájọ́ dá àpárá? N kò rò bẹ́ẹ̀. Ní ààfin àti ní ilé baálé, ìdájọ́ tí kò lówe nínú dà bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Ṣùgbọ́n òwe a máa gbé ọ̀rọ̀ kúrò lára àwọn méjì tí ń jà, a gbé e lọ sí ibi tí ó dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ, kí olúkúlùkù lè wo ara rẹ̀ níbẹ̀ láìsí pé a dárúkọ rẹ̀. Àpárá tí ó di ìwà ẹnì kan mú kò gbé ọ̀rọ̀ lọ síbi kankan. Ara onítọ̀hún ni ó bà lé. Ẹsẹ̀ tí ń jó kò sí nínú ẹ̀sùn tí wọ́n pè wá síwájú adájọ́.

Bí ó bá sì jẹ́ ti ijó ni, Ẹdẹ kọ́ ni a ó ti fi í bú ènìyàn. Ọba Adétóyèsè Láoyè, tí ó jẹ Tìmì láti ọdún 1946 sí 1975, onílù ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń lu dùndún, ó sì kọ àpilẹ̀kọ nípa ìlù Yorùbá. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù mọ ọ̀rọ̀ tí ẹsẹ̀ ń dáhùn. Ẹni tí kò gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ nìkan ni ó rí. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mò ń gbèjà ọmọ ìlú mi. Àwọn alátìlẹ́yìn gómìnà náà fi àwòrán ijó kún fóònù wa bí ẹni pé ijó ń la ọ̀nà, tí ó sì ń san owó ìfẹ̀yìntì.)

Àgbà olùkọ́ kan bá mi jiyàn. Ó ní ẹ̀rín ni pàṣán kan ṣoṣo tí mẹ̀kúnnù ní, pé bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni ó kù? Ó rán mi létí òru Ẹ̀fẹ̀ níbi Gẹ̀lẹ̀dẹ́, níbi tí akọrin ti ń bá ìjòyè wí lójú gbogbo ìlú. Òótọ́ ni ó sọ, n kò sì rí èsì tán. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́fẹ̀ a máa sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà jáde kí ìlú tó rẹ́rìn-ín. Ní yàrá wa lọ́jọ́ náà, a rín ẹ̀rín tán láìmọ ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn tí ó ti ka Ọba Kò So, eré Dúró Ládiípọ̀, yóò rántí pé ọ̀rọ̀ Ẹdẹ wà níbẹ̀, pé ìjà Tìmì àti Gbọ̀nńkáà ni ó kó bá Ṣàngó. Ìròyìn méjì ni ó jáde lẹ́yìn rẹ̀: ọba so, ọba kò so. Ìtàn ní àwọn ọ̀rẹ́ Ṣàngó kò jiyàn pẹ́ títí; wọ́n wá oògùn àrá, iná sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó ilé àwọn tí ó ní ọba so. Ìbẹ̀rù ni ó parí ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Ní tiwa, ẹ̀rín ni. Nínú méjèèjì, kò sí ẹni tí ó lọ wo ìdí igi àyàn.

Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ̀rọ̀ tán, mo gé ìròyìn ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti inú ìwé ìròyìn, mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kíláàsì, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ náà lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dúró pẹ́ níwájú wọn. Ó ka ọjọ́ láàárín ìdájọ́ kìn-ín-ní àti èkejì lórí ìka, ó sì yíjú sí mi.

"Ọjọ́ 56, sà. Ẹdẹ níbí ni bàbá mi ti dìbò. Níbo ni ìbò wọn wà ní gbogbo ọjọ́ yẹn?"

Àkókò ìwé kíkà ni ó kàn, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ni a sọ títí agogo fi lù.